Ọwọ́ ọdẹ kì í ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀tù

Láti ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ikọ̀ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn nílùú Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ kò kúrò lẹ́nu àwọn olóṣèlú wa mọ́. Bí àwọn ajínigbé bá ṣọṣẹ́ lójú ọ̀nà, a ó ní kí wọ́n pe ọdẹ. Bí màlúù bá jẹ oko olóko, a ó ní kí wọ́n pe ọdẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọdẹ ló mọ inú igbó, òun ló mọ ipa ẹsẹ̀, òun ló sì mọ ibi tí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà jáde. Àríyànjiyàn tó wá gbòde kan ni irú ìbọn tó yẹ kí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Àwọn kan ní àfi AK-47, àwọn mìíràn ní òfin orílẹ̀-èdè yìí kò gbà á. A ń sọ̀rọ̀ lórí ìbọn, a ń sọ̀rọ̀ lórí aṣọ iṣẹ́, a ń sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tí wọn yóò máa gùn. Ohun tó wà nínú ìbọn náà ńkọ́? Èmi kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà á.

Ẹ̀tù ni mo ń sọ. Ẹ̀tù tí ọdẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kì, tó sì ń gbé pamọ́ sínú ilé kan náà tí ìyàwó àti ọmọ ń sùn sí.

Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín ọlọ́pàá àti ọdẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọta tí ọlọ́pàá ń yìn, ilé iṣẹ́ ló ṣe é. Ẹ̀rọ ló wọn ẹ̀tù inú rẹ̀, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò níbẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà kò ní irú ọta bẹ́ẹ̀. Láti ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù ni yóò kọ́kọ́ wọlé, àkísà tàbí nǹkan mìíràn tí wọ́n fi ń há a mọ́lẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, òjé yóò tẹ̀ lé ìyẹn, wọn yóò sì tún fi nǹkan dé e lókè kí òjé má baà yí jáde. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń kì gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbẹ̀yìn ni wọn yóò tó fi ohun kékeré tó ń tanná sí ìdí rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ọdẹ bá fẹ́ yìnbọn, ọta tuntun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Òun ni ilé iṣẹ́, òun ni ẹ̀rọ ìwọ̀n, òun náà sì ni ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo bi bàbá ọdẹ kan léèrè bí ilé iṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá da ẹ̀tù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n mì ín, wọ́n dín in kù díẹ̀.

“Bàbá, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó?”

“Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni mo ti ń kì í.”

“Bí ó bá jẹ́ ẹ̀tù mìíràn tí ẹ kò lò rí ńkọ́, sà?”

“N ó kọ́kọ́ rọ díẹ̀ sí i, n ó wá wo bó ṣe máa ta.”

Ìka ọwọ́ bàbá náà pé mẹ́wàá, ojú wọn méjèèjì sì mọ́lẹ̀ kedere, nítorí náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ jókòó níwájú wọn kí n máa kọ́ wọn níṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ìdáhùn kejì tí wọ́n fún mi ló mú mi lọ́kàn jù. Òfin tí bàbá yìí fi ń ṣọ́ ara wọn nínú igbó, òun gan-an ni òfin àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń tún ọta kì nílé fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí o sì máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni pé ti Amẹ́ríkà wà nínú ìwé, ti bàbá sì wà nínú ọwọ́ bàbá nìkan.

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kì í ṣe ṣójà, tí kì í ṣe ọlọ́pàá, lè jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kó máa ṣe ọta fún ìlò ara rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ọdún 1968 ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọta tà gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń ṣe é fún ara rẹ̀ kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní òfin tirẹ̀. Kóróòfo idẹ tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yìnbọn, wọn kì í jù ú nù. Wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò fi ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ dá a padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọn yóò yọ práímà tó ti jó kúrò nídìí rẹ̀, wọn yóò fi tuntun sí i, wọn yóò rọ ẹ̀tù, wọn yóò sì fi òjé dé e lẹ́nu. Àwọn kan ń ṣe é torí owó, àwọn mìíràn ń ṣe é torí pé ọta tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe máa ń lọ tààrà ju ti ọjà lọ. Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, ọta wọ́n níbẹ̀ bí ojú. Kì í ṣe àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ o. Ọdún 1943 ni ilé iṣẹ́ RCBS ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irinṣẹ́ rẹ̀ nílùú Oroville ní ìpínlẹ̀ Califórníà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀tù. Gréènì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, gréènì ẹgbẹ̀rún méje ló sì wà nínú páùn kan. Ẹ wo bí ó ti kéré tó! Síbẹ̀ wọ́n ní òṣùwọ̀n tó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá gréènì hàn. Ìwé kan wà tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù náà kọ, tó sọ iye tó kéré jù àti iye tó pọ̀ jù fún irú ìbọn kọ̀ọ̀kan àti irú òjé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọjá ohun tó wà níbẹ̀. Irú ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, kí méjì má baà dà pọ̀. Kò sí sìgá, kò sí ọtí, kò sí tẹlifíṣàn, bí fóònù bá sì dún, wọn kì í gbé e. Kí wọ́n tó fi òjé dé e, wọn yóò fi iná tànmọ́lẹ̀ sínú kóróòfo kọ̀ọ̀kan wò. Nítorí kí ni? Nítorí pé ẹni tí wọ́n bá pè níbi tó ti ń rọ ẹ̀tù lè padà dé kó gbàgbé pé òun ti rọ ọ́, kó tún rọ ìkejì lé e. Ìbọn yóò fọ́ mọ́ ọn lójú. Bí ó bá sì gbàgbé pátápátá láti rọ ọ́, práímà nìkan lè ti òjé dé àárín ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀, ọta tó bá tẹ̀ lé e ni yóò fọ́ ọ̀pá náà.

Wàhálà tó wà nínú ṣakabùlà kò yàtọ̀ sí èyí. Ọdẹ kì ìbọn ní ìrọ̀lẹ́, òjò dé, kò rí ẹran yìn, ó gbé e kọ́ ara ògiri. Lọ́jọ́ kẹta ó tún kì í. Ẹ̀tù di méjì, òjé di méjì, ọ̀pá ìbọn ṣì jẹ́ ọ̀kan. Tàbí kí àkísà àti òjé má wọlé dé ìdí, kí àlàfo wà láàárín wọn àti ẹ̀tù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àlàfo kò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè fa ọ̀pá ìbọn ya bí ìgbà tí nǹkan há sí i lọ́fun.

Ọ̀pá ìbọn wo la tilẹ̀ ń sọ? Láyé àtijọ́, ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń tà ní etíkun wa ti ń wá, ilé àyẹ̀wò ọ̀pá ìbọn sì ti wà nílùú náà láti ọdún 1813. Ẹ̀tù tó ju iye tó yẹ lọ ni wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi dán ọ̀pá wò níbẹ̀. Èyí tó bá là á já ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún. Lónìí, páìpù omi tàbí irin ara ọkọ̀ àlòkù ni àwọn agbẹ̀dẹ wa máa ń lò. Mi ò bú agbẹ̀dẹ o. Ọgbọ́n orí wọn kọjá kèrémí, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe páìpù omi, agbára omi ló rò mọ́ ọn, kò ro iná mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú jù rèé. Ẹ̀tù kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba ńlá wa mọ̀, tó ń rú èéfín bo ojú ọ̀run, òun ni wọ́n ṣe ṣakabùlà fún. Ní ọdún 1884, Paul Vieille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ẹ̀tù mìíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín, irú rẹ̀ ló sì wà nínú ọta ìgbàlódé títí di òní. Ẹ̀tù aláìléèéfín yìí lágbára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Bí ọdẹ kan bá tú kátíríìjì, tó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, bọ́ǹbù ló gbé lé èjìká yẹn. Níbí yìí gan-an ni ọgbọ́n bàbá tí mo bá sọ̀rọ̀ lè já wọn kulẹ̀, torí pé “díẹ̀” ẹ̀tù dúdú àti “díẹ̀” ẹ̀tù aláìléèéfín kì í ṣe ọgba. Ojú lásán lè má dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ohun tí ọwọ́ fi ogójì ọdún kọ́, ẹ̀tù àjèjì kan lè sọ ọ́ di asán lọ́sàn-án kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣe bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kúkú pa ṣakabùlà tì. Kò wọ́n, agbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe, ohun tó bá sì wà nítòsí ni wọ́n fi ń kì í. Nígbà ogun Kìrìjì, láti ọdún 1877 títí di 1893, tó jẹ́ pé ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń kì láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn ní Èkó, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ọta irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá tán lójú ogun, àfi kí wọ́n máa wọ̀nà Èkó. Oníṣakabùlà kò ní irú wàhálà yẹn. Ìdí nìyí tó fi ṣì wà lára ògiri wa lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni òfin wa sọ? Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 dárúkọ ìbọn àtẹnukì, ó sì ní kí ẹni tó ni ín gba ìwé àṣẹ. Òfin yẹn kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọta bí kò ṣe níbi tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ka ohun tí mo kọ nípa Amẹ́ríkà lókè yìí, kó má sọ pé òun ti rí òwò tuntun. Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀tù tàbí práímà sínú ẹrù tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà gan-an kì í gba ọta. Ohun tó ń bí mi nínú nípa òfin yìí ni pé orí ìwé ló parí sí. Ìwé àṣẹ lè sọ ẹni tó ni ìbọn fún wa, kò lè sọ bó ṣe ń kì í. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀, wọ́n ní kó wá dán an wò kí wọ́n tó fún un níwèé. Ta ló ń ní kí ọdẹ wá ki ìbọn lójú òun?

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ ibi tí ẹ̀tù wà nínú ilé ọdẹ tó wà ládùúgbò wa? Nínú agolo lórí pẹpẹ ilé ìdáná? Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Nínú ìgò tí ọmọdé lè rò pé iyọ̀ tàbí irúgbìn ló wà níbẹ̀? Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe òfin iná gbà kí èèyàn ní tó ogún páùn ẹ̀tù aláìléèéfín nílé, ìyẹn bíi kílò mẹ́sàn-án, bó bá ṣáà ti wà nínú ike tàbí agolo tí ilé iṣẹ́ fi ṣe é. Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò ní kí wọ́n fi sínú àpótí irin tó le, kí wọ́n tì í pa. Irin tó le tí kò ní ibi tí èéfín lè gbà jáde ló ń sọ ẹ̀tù di bọ́ǹbù bí iná bá ràn mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí agolo náà rọ̀ ni, kó lè tètè ya. Bó bá ju ogún páùn lọ, àpótí pákó tó nípọn ni wọ́n ń sọ. Àpótí pákó kò sì ṣòro fún káfíńtà wa.

Ọ̀rọ̀ òjé náà wà ńbẹ̀. Mi ò ní fa èyí gùn. Ní Sàmfárà ní ọdún 2010, eruku òjé tó jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó ju irinwó lọ. Ẹni tó ń yọ́ òjé lórí iná nínú àgbàlá, tàbí tó di òjé mú tán tó fi ọwọ́ kan náà jẹ ẹ̀kọ, kó rántí Sàmfárà, kó gbé iná náà jìnnà sí àwọn ọmọ, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Ẹ̀yin oníròyìn yìí, ṣé ẹ tún fẹ́ máa kọ́ àwọn jàǹdùkú bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn ni?” Rárá o. Jàǹdùkú kì í wá sípàdé ọdẹ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í lo ṣakabùlà. Ẹni tó bá ń yin ọta tí ilé iṣẹ́ ṣe, òun gan-an kò ní wàhálà ìwọ̀n. Èmi kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa po ẹ̀tù nínú ilé. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó jáwọ́ lónìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó gba ọdẹ síṣẹ́ ló yẹ kó mọ ibi tí wọn yóò ti máa ra ẹ̀tù tí wọ́n ti dán wò, kó jẹ́ ẹ̀tù dúdú nìkan, kó jẹ́ irú kan náà láti oṣù dé oṣù, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára agolo. Bí a bá lè ra ọkọ̀ fún Àmọ̀tẹ́kùn, a lè ra ẹ̀tù tó ní orúkọ.

Àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe láìdúró de gómìnà. Àwọn tó fẹ́ràn ìbọn àtẹnukì ní Amẹ́ríkà kì í fi òṣùwọ̀n olówó ńlá wọn ẹ̀tù dúdú. Ife idẹ kékeré ni wọ́n ń lò, ìwọ̀n ìbọn kan nìkan ló ń gbà. Agbẹ̀dẹ wa lè rọ irú rẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Inú ife yẹn ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sẹ́nu ìbọn, wọn kì í da á tààrà láti inú àdó, torí pé ẹyin iná tó bá kù sí ìdí ọ̀pá lẹ́yìn ìbọn àkọ́kọ́ lè ràn mọ́ ẹ̀tù tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ ife kékeré ni, ọwọ́ lè jóná. Bó bá jẹ́ odindi àdó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, kí ọdẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò sí èèyàn, kó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó má sì yọjú wò ó. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ òun?

Ní ti ìbọn tó wà lára ògiri, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá wọ́n ti kì í tàbí wọn ò tíì kì í, ìlà méjì péré ló ń tán wàhálà rẹ̀. Nígbà tí ìbọn bá ṣófo, tó sì dá yín lójú pé ó ṣófo, ẹ ti ọ̀pá tí ẹ fi ń kì í bọ̀ ọ́ títí yóò fi dé ìdí, kí ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá náà ní ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá kì í tán bó ṣe yẹ, ẹ fa ìlà kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn yẹn, kó kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ̀ ọ́, kí orí àti ara rẹ̀ má sì wà níwájú ẹnu ìbọn. Bí ọ̀pá bá dúró níbi ìlà àkọ́kọ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bó bá dúró níbi ìlà kejì, wọ́n ti kì í. Bó bá dúró sókè ju ìyẹn lọ, ẹnì kan ti kì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí nǹkan kan há sí i, kí wọ́n gbé e lọ fún agbẹ̀dẹ, kí wọ́n sì sọ fún agbẹ̀dẹ náà pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ kó tó gbé e sún mọ́ iná.